Ọ̀ṣẹ́ Tùúrá àti Ẹni Tí A Kò Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀



Oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi níbí ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ti ìyàwó. Ó ní bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà òun a máa já. Ó ní òun máa ń ka ìròyìn àyípadà ojú ọjọ́ lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́. "Bàbá, ṣé ó yẹ kí n bímọ sírú ayé yìí?" Ó kù díẹ̀ kí n ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún Olódùmarè. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́ Tùúrá ló yọ lójú ọpọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn rẹ̀, ẹ ní sùúrù fáwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún dé ayé, ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n ń ṣèpàdé, wọn ò ka Ọ̀ṣun tó ṣìkẹtàdínlógún sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Wọ́n sáré padà sọ́dọ̀ Olódùmarè, Ó sì bi wọ́n pé obìnrin tó wà láàárín wọn ńkọ́? Ẹni tí wọn ò gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni Ó béèrè.

A rú ẹbọ tí Ifá yàn. Lẹ́yìn náà, mo ní kó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, ká jọ jókòó sọ ọ́.

Àwọn méje ló wá. Èmi tí mo ka ìtàn ní yunifásítì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún fún wọn: omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo gbádùn ohùn ara mi, kí n má purọ́.

Ìyá kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Oògùn àìsùn ló wá gbà, bó ṣe máa ń gbà á ní gbogbo ìgbà òjò, láti ọdún márùn-ún. Ó ní: "Awo, ẹ ń pe 2011 bí ẹni pé inú ìwé ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi bá omi yẹn lọ."

Ilé pa rọ́rọ́. Ọdún márùn-ún! Mò ń gbo ewé fún un, mi ò bi í rí ohun tó ń lé oorun lójú rẹ̀. Èmi gan-an ni ìkan nínú àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn.

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọmọkùnrin yẹn sunkún, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Òmíràn bínú pé ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni èéfín tó pọ̀ jù ti jáde, àwa lomi ń gbé. Òótọ́ ni, a jẹ́ kó bínú. Àdéhùn wa ò ju méjì lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi "á dáa" pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, ohun tá a bá sì sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé. (Àwọn awo kan á ní mo ń ba ọjà jẹ́. Wọ́n kú iṣẹ́.)

Ọ̀rọ̀ sísọ ò dá òjò dúró, Ifá ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ṣì ń gba oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé nígbà tí òjò òru ìjẹta rọ̀, ọmọkùnrin náà pe òun lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì jọ ń sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, kò tíì pinnu. Mi ò sì yọ ọ́ lẹ́nu.

Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá la ń jókòó, lẹ́yìn ìbọ. Ẹni tí ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè kàn wá gbọ́.