Àṣírí Ọkọ Nígbà Àìsàn

Bí ọkùnrin bá ní jẹjẹrẹ próstéètì, oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ sí ọsibítù àti owó tó ń wá kiri ni aráyé fi ń díwọ̀n ìwà obìnrin náà. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹnu rẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ọmọlúàbí ni.

Ibi kọ́lọ́fín ni àìsàn yìí ti ń mú ọkùnrin. Testosterone, èròjà ara tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń dín èròjà náà kù, tàbí kí wọ́n yọ kórópọ̀n. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á lọ sílẹ̀, ooru lè máa ṣàdédé mú un, ọmú rẹ̀ lè wú, inú rẹ̀ sì lè máa bàjẹ́. Bó bá jẹ́ próstéètì fúnra rẹ̀ ni wọ́n yọ, ìtọ̀ lè máa jò. Ìyàwó tó bá ro èyí fún ọ̀rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ti tú ọkọ rẹ̀ síhòòhò, kódà bó bá ní àdúrà lòun ń wá. Bí ẹrù náà bá wúwo, kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, tàbí ẹnì kan tí ọkọ fọwọ́ sí.

Àwọn ẹbí kan á ní kí dókítà má dárúkọ àìsàn náà fún ọkọ. Ìyẹn kọ́ ni àánú. Ìyàwó tó béèrè pé, “Bàbá Délé, kí lẹ fẹ́ ká bi dókítà lọ́la?” ti dá ipò ọkọ rẹ̀ padà fún un.

Ìtọ́jú onítànṣán, bí irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, Èkó, lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Èrò máa ń pọ̀ nílé nígbà náà. Ó parí tán, wọ́n ṣe ìdúpẹ́, oníkálùkù bá tirẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tí wọ́n fi ń ṣọ́ bóyá jẹjẹrẹ náà ti padà, tó ń wáyé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ló kù. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ń súnmọ́, ọkùnrin náà ò ní sùn dáadáa, á máa kanra, kò sì lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, torí ayé ti bá a yọ̀. Kí ìyàwó má wí pé, “Ṣebí ẹ ti dúpẹ́?” Kó jókòó tì í, kó dì í lọ́wọ́ mú. Torí ọ̀pọ̀ ọkọ tí agbára ìbálòpọ̀ ti fi sílẹ̀ máa ń rò pé kò sẹ́ni tó tún fẹ́ fọwọ́ kan àwọn mọ́.

Ẹ̀yin ẹbí ọkọ tó ń ṣọ́ ìwà obìnrin yìí ńkọ́? Ta ló wá sun ọsibítù lóru kan kí obìnrin náà lè rójú sùn? Ọkọ náà sì lè sọ pé, “Ẹ ṣeun, Ìyá Délé,” àní nínú ìrora.