Eyín Ọmọ Tó Ká, Ta Ló Ni Ín?

Nínú wa, ta ni kò ju eyín sórí òrùlé rí? Eyín àkọ́kọ́ ká, a dì í mọ́wọ́ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, a wá ibi tí alángbá kò ti ní rí wa, a sọ ọ́ sórí páànù. Àwọn ọmọ tí a bí sílùú yìí náà ń ṣe é.

Ní ọdún 2000, Stan Gronthos, Songtao Shi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ẹran rírọ̀ tó wà láàrin eyín, sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń di púpọ̀ nínú àwo ìwádìí, tó sì lè mọ ara líle eyín. Ní 2003, Shi rí irú rẹ̀ nínú eyín ọmọdé. Eyín ọmọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí rẹ̀. Ní 2018, àwọn dókítà ní Xi'an, ní Ṣáínà, ròyìn àwọn ọmọ tó fara pa, tí eyín iwájú wọn kú. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì láti inú eyín mìíràn lẹ́nu ọmọ kan náà, wọ́n fi í sínú èyí tó kú, ẹran inú rẹ̀ hù padà, ẹ̀jẹ̀ sì ń sàn níbẹ̀. (Awọ funfun tó le lóde eyín kì í hù padà o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ orín rẹ̀ nù.)

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń gba owó lọ́wọ́ òbí láti tọ́jú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú òtútù líle. Àwọn kan nínú wa ní kò sọ́rọ̀ níbẹ̀: ohun tí a fẹ́ jù nù tẹ́lẹ̀, ta ni yóò bi wá? A kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọ kí a tó ní kó jù ú sórí ilé.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eyín orí páànù kò ju eyín kan lọ. Ti inú àwo ń di púpọ̀, àwọn àjèjì lè ka ohun tí ọmọ náà jogún nínú rẹ̀, ó sì lè wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá tó fọwọ́ síwèé ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ìwé tí a fọwọ́ sí. Àmánà sì ni ara ọmọ lọ́wọ́ òbí, kì í ṣe ẹrù ọjà.

Nítorí náà, a gbà kí òbí fi eyín náà wo ọmọ tó ni ín. Ìyá tí kò rówó ìtọ́jú eyín san kò sì dẹ́ṣẹ̀ kankan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìpayà tajà fún un. Ṣùgbọ́n láti tà á, tàbí láti fi í fún ẹlòmíràn, kí a dúró títí ọmọ náà yóò fi lè fẹnu ara rẹ̀ dáhùn.