Òdòdó Tí A Kò Rà

Bíbélì Kíkà: Mátíù 6:25-34

Ṣé ìfàkókò-ṣòfò ni kí ènìyàn dúró wo òdòdó inú igbó? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn kíákíá pé, "Kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tà, kí ni kí n wá wò níbẹ̀?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ojú tí a fi ń wo ohun tí kò mú owó wá ni a sábà máa ń fi wo ènìyàn tí kò lè ṣe wá ní oore.

Ẹ jẹ́ kí a fi àlùkérésé ṣe àpẹẹrẹ. Bóyá ni ẹnikẹ́ni ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò tíì rí i rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìtàkùn ni. Ó máa ń lọ́ mọ́ ọgbà, ó sì máa ń bo àkìtàn àti ilẹ̀ tí a pa tì. Òdòdó rẹ̀ rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò. Ewé kan wà lábẹ́ òdòdó náà tó ká bí ọkọ̀ ojú omi. Inú ọkọ̀ yìí ni àwọn òdòdó ti ń yọ jáde. Òwúrọ̀ ni ó máa ń ṣí. Kí ọ̀sán tó pọ́n gan-an, ó ti rọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ó ti ṣẹ̀, kì í ṣe ohun tí a kó wọlé. Ní ọdún 1786, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Palisot de Beauvois gúnlẹ̀ sí agbègbè Warri àti Bìnì. Ó wo àwọn ewéko ibẹ̀ fínnífínní, ó sì kọ ìwé nípa wọn. Òun ni ó fún àlùkérésé ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é títí di òní, Ipomoea involucrata, nítorí ewé tó wé òdòdó rẹ̀ mọ́ra. Àlejò dúró, ó wò ó. Àwa onílé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Ẹ tún wo àwọ̀ náà. Láyé àtijọ́, aṣọ ọba àti ti ọlọ́lá ni elésè àlùkò. Lára ìgbín inú òkun ni àwọn ará Tírè ti ń rí aró rẹ̀. Ní ọdún 1909, onímọ̀ kẹ́míkà kan, Paul Friedländer, lo irú ìgbín bẹ́ẹ̀ 12,000. Aró tí ó rí kò ju gíráàmù 1.4 lọ! Ìdí nìyí tí aṣọ náà fi wọ́n bí ojú. Àwọ̀ tó jọ èyí tí àwọn ọba ń fi ọ̀pọ̀ owó rà ni àlùkérésé ń wọ̀ lórí àkìtàn, lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé a kò rà á, a kò kà á sí.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èpò ni àlùkérésé lójú àgbẹ̀." Òótọ́ ni. Ó máa ń lọ́ mọ́ ohun ọ̀gbìn, a sì gbọ́dọ̀ ro ó kúrò lóko. Ní ọdún 1987, iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde, A Handbook of West African Weeds, èyí tí Akobundu àti Agyakwa kọ. Àwòrán èpò ni ó kún inú rẹ̀, kí a lè dá wọn mọ̀, kí a sì lè kápá wọn. Síbẹ̀, ẹni tí yóò ya àwòrán èpò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Nínú ẹsẹ Bíbélì tí a kà lónìí, Jésù mọ̀ pé koríko tí Òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ iná lọ́la. Kò ní kí wọ́n má fi dáná. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kíyè sí òdòdó, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Mátíù sì lò níbẹ̀ ju wíwò fìrí lọ; ó jẹ mọ́ kí a kọ́ nǹkan ní àkọ́yé. Wíwò kò bá ríro jà. A lè ro oko wa, kí a sì tún mọ iyì ohun tí a ń ro.

Lóde òní, fóònù tó ń ya àwòrán wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ohun rere ni. Òdòdó tí a já yóò rọ lọ́wọ́ wa láìpẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ya àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ fún oyin. Àmọ́ yíyà nìkan kọ́ ni ìmọrírì. Àwọn kan ń ya ohun tí wọn kò wò rárá. Bí o bá fẹ́ ya àlùkérésé dáadáa, jáde kí oòrùn tó mú. Lóṣòó, kí ojú rẹ lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Ní sùúrù kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ya òdòdó, ya ewé tó dà bí ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, fi han àgbàlagbà kan, kí o béèrè ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí o sì kọ́ ọmọ rẹ ní orúkọ náà kí ó má baà parun.

Ẹni tó bá ti kọ́ irú wíwò yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ènìyàn tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀: ìyá arúgbó tó ń súre fún un lójoojúmọ́, ẹni tó ń gbálẹ̀ kí a tó dé. A kò rà wọ́n, wọn kò sì ní wà títí. Rárá o, wíwo òdòdó kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò. Ibẹ̀ ni ọpẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun Ṣíṣe: Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ yìí, wá òdòdó igbó kan nítòsí ilé rẹ. Wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó yọ fóònù jáde.

Kókó Àdúrà: Baba, là mí lójú láti rí ẹwà ohun tí O fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì dúpẹ́ kí ó tó rọ. Àmín.