Òwe Ní Ká Wí Fún Un, Kò Ní Ká Wí Fún Ayé

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. A ti dáwó oṣù, akọ̀wé ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ìrẹsì ti ń ta sánsán láti kíṣìnnì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Àgbà dìde. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ó ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru.” Gbogbo ilé dáhùn pé, “Ẹ ó rí òmíràn pa, sà.” Èmi kò dáhùn. Mo ti mọ ẹni tó ń bá wí.

Ọmọkùnrin ìlú wa kan ni, ọmọ ọdún 26. Òun àti Bọ̀dá Àgbà jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan: ọmọ náà ní ń ṣe iṣẹ́ òru, Bọ̀dá ní ń ṣe ti ọ̀sán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, fóònù ọmọ náà tàn lórí tábìlì, Bọ̀dá sì rí àwòrán tó wà lójú rẹ̀: ọmọ náà àti ọkùnrin mìíràn di ọwọ́ ara wọn mú létí òkun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo ẹni tó ń mu tíì níbi iṣẹ́ yẹn ti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá pe ìyá ọmọ náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ohun tó mú un dìde ní ìpàdé ni pé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti pè é, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un nínú ìwé pé kò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Òun tó ní ìkìlọ̀ lòun ń ṣe, òun ni wọ́n fún ní ìwé ìkìlọ̀. Ó dùn ún wọ eegun. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ẹ ti bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀?” Ó wò mí títí. Ó ní, “Kí ni n ó bá a sọ?”

Àwòrán inú òwe yẹn kò le. Yàrá kan, ẹní méjì. Ẹni tí a jọ ń sùn ń jẹ ìjẹkújẹ lọ́sàn-án, a rí i, a sì mẹ́nu kúrò. Nígbà tó di òru, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ń wúkọ́, ó ń há, àwa tí a kò fi nǹkan kan kan ẹnu sì jókòó tí a ń wo àjà. Mo ti pa òwe yìí fún àbúrò mi tó fi owó ilé ta tẹ́tẹ́, màá sì tún un pa fún un bó bá tún dán an wò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fetí sí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Òwe ní ká wí “fún un”. Ẹni tó ń jẹun ni ọ̀rọ̀ ń lọ bá, ní ojúkorojú, nínú ilé. Kò dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, kò dárúkọ àwọn tó ń mu tíì, kò sì dárúkọ WhatsApp. Bákan náà, “ará ilé ẹni” ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé lálẹ́ òní a ó tún jọ sùn; ìdí nìyẹn tí ikọ́ rẹ̀ fi kàn wá. Bọ̀dá Àgbà wá mú òwe tí wọ́n fi ń gbé pọ̀, ó fi ń lé ọmọ jáde nílé.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí inú fi ń bí mi tó báyìí, nítorí n kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1990, kò tíì pẹ́ tí mo dé ìlú yìí. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, mo ń dúró kó kàn mí, ìwé ìròyìn The Sun wà lórí àga. Ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù Justin Fashanu ti sọ fún ayé pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin lòun.

Fáṣàánú ni orúkọ yẹn: Ifá ṣe àánú. Agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Guyana ni ìyá rẹ̀. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1961. Ilé tú, òun àti John àbúrò rẹ̀ sì dàgbà lọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ ní Norfolk. Ní 1980 ó gbá bọ́ọ̀lù kan sínú àwọ̀n Liverpool fún Norwich, BBC sì fi ṣe góólù tó dára jù lọ ní sáà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Nottingham Forest fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn rà á. Kò sí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kankan ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n tíì ra níye yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Brian Clough, kóòṣì wọn, gbọ́ pé ọmọ náà ń lọ sí ilé ijó àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ara wọn, ó sì lé e kúrò níbi ìgbáradì. Clough fúnra rẹ̀ ló ròyìn ọ̀rọ̀ tó sọ sí i sínú ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀, bí ẹni ń ròyìn àpárá. Kí 1982 tó parí, wọ́n ti tà á fún Notts County ní 150,000 pọ́n-ùn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù kan kò tíì kán nígbà náà.

Lẹ́yìn tí The Sun gbé ìròyìn náà jáde, John, agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀, sọ fún The Voice, ìwé ìròyìn àwa aláwọ̀ dúdú, pé ẹni ìtanù ni ẹ̀gbọ́n òun. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni John kábàámọ̀ ní gbangba. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan pa òwe kòkòrò yìí lé Justin lórí. Mo sì fi ẹnu mi yìí dáhùn pé, “Ẹ ó rí òmíràn pa.” N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn fẹ́ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ilé ire ni wọ́n ti bí mi ni.

Ní oṣù Karùn-ún 1998, Fashanu gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Shoreditch, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ogójì. N kò ní bo ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀: ọmọ ọdún 17 kan ní Amẹ́ríkà ti fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn án, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú pé òun kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ náà kò dé kóòtù, n kò sì lè dá a. Ohun tí mo lè sọ ni ti ọdún mẹ́tàdínlógún tó ṣáájú rẹ̀, tó ń ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bọ́ sí òmíràn, láti ìlú dé ìlú, tí kò rí ibì kankan fìdí múlẹ̀. Ẹ ní ikọ́ ni. Ẹni tí ọwọ́ wà lọ́fun rẹ̀ náà ń wúkọ́, àwa tí a ní òun kò jẹ́ ká sùn la sì di ọ̀fun náà mú.

Nígbà tí púpọ̀ nínú èyí ń ṣẹlẹ̀, òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Section 28. Ìjọba Thatcher ló ṣe é ní 1988: kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó gbọdọ̀ polówó ìfẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, tàbí jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ilé ìwé rẹ̀ pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdílé. A kò gbọ́ pé kóòtù tìtorí rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi rí. Ìbẹ̀rù nìkan tó. Ọmọ tí wọ́n ń lù lẹ́yìn kíláàsì tọ tíṣà lọ, tíṣà wo ògiri. Ní Scotland wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní 2000, ní England àti Wales ní 2003. Ní òpin 2003 yẹn kan náà ni òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ní ọ̀gá kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ nítorí ẹni tó ń fẹ́. Ẹ ronú sí i: ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó ní Peckham lọ́jọ́ yẹn ti ń san owó orí níhìn-ín kó tó dìgbà náà.

Òfin ti àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara wọn sí obìnrin, tàbí lódìkejì, ti yá díẹ̀, ìyà ẹnì kan ló sì bí i. Lẹ́tà kan péré ni kóòtù fi ń pè é: P. Máníjà ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Cornwall. Ní 1992 ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé òun fẹ́ máa gbé gẹ́gẹ́ bí obìnrin, pé òun yóò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Kó tó di òpin ọdún, wọ́n ti lé e. Ẹjọ́ náà dé kóòtù ilẹ̀ Yúróòpù ní Luxembourg, wọ́n sì dá P láre ní oṣù Kẹrin 1996. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 1999. (Bí mo ṣe ń kọ èyí, èdè wa kò bi mí rárá bóyá akọ ni P tàbí abo. “Ó” ni mo ń wí, ó sì ti tó. Àwọn òyìnbó ṣì ń ja àjàkú akátá lórí ọ̀rọ̀ bíńtín yẹn nílé ìwé wọn.) Ìjà kò tíì parí: ní oṣù Kẹrin 2025, kóòtù tó ga jù lọ níhìn-ín sọ pé ìbí ni Òfin Ìdọ́gba 2010 ń wò bó bá dárúkọ obìnrin, ó sì tún sọ pé òfin kan náà ṣì ń dáàbò bo irú P níbi iṣẹ́.

Bọ̀dá Àgbà ní ìwà àwọn òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, pé nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Nílé, ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí orí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ó sì fi ọdún 10 sí orí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn sílẹ̀ tàbí tó tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá pe Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù tó la ohùn sílẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́, ó ti ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mọ èyí kó tó tẹ nọ́ńbà.

Mo lọ dúró de ọmọ náà ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó ń ti iṣẹ́ bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí títì, báàgì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ ọsibítù. Ó ní bàbá kan wà ní yàrá kẹfà tí ikọ́ ń bá jà láti aago méjì òru, pé òun gbé e jókòó, òun ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ó fi sùn lọ. Nígbà tó yá ó ní, “Màámi kò gbé fóònù mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà.” Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀ pé ọkùnrin lòun ń fẹ́. Ó ní láti ìgbà tóun wà ní ọmọ ọdún 11, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó mọ ibi tí Lọ́ńdọ̀nù wà.

Ibẹ̀ ni èmi àti òwe náà ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ohun tí ọwọ́ mú ni ẹnu ń jẹ. Ta ló rí ohun tí ọmọ yìí mú? Àti pé ta ló kọ́kọ́ pe kòkòrò náà ní búburú? Ìyá mi kò fi ìrẹ̀ kan ẹnu títí tó fi kú, èébì ló máa ń gbé e. Nílé àwọn àna mi ní Àkókó, wọ́n ń yan ìrẹ̀ lórí ẹyin iná, iyọ̀ àti ata gígún ni wọ́n fi ń wọ́n ọn, àlejò tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ń gbé e fún. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ ló fi “búburú” sínú òwe. Ará ilé yẹn jẹun nínú rẹ̀, ó wúkọ́ nínú rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré, n kò sì ṣàkíyèsí rẹ̀ rí.

Bọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí, torí ẹ máa ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ, ẹ sì máa ń pè mí láti tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó pè mí, nọ́ńbà ìyá ọmọ náà ṣì wà lórí fóònù yín. Ẹ̀yin lẹ pè é lọ́jọ́sí, ẹ̀yin náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ le, kó gbé fóònù. Aago mẹ́jọ alẹ́ tibí ló dára, kí ọmọ tó wọlé iṣẹ́.