Màlúù Tí Kò Lóyún: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ní àwọn oko ńláńlá tí wọ́n ti ń sin màlúù nítorí wàrà ní Amẹ́ríkà, abo màlúù tó bímọ tí kò sì tètè lóyún mìíràn kì í sábà pẹ́ lóko. Wọn a ní kò mú èrè wá mọ́, wọn a sì tà á fún pípa. Ṣé màlúù náà ló jẹ̀bi ni?

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu màlúù ná.

Bí ó bá ti bímọ, wàrà rẹ̀ a máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń jẹ ní àsìkò náà kì í tó ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Ara rẹ̀ a wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tó ti tò pamọ́. Bí ọ̀rá náà bá pọ̀ jù fún ẹ̀dọ̀, àìsàn lè tibẹ̀ wọlé. Ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Họ́mónù LH, tó ń ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá láti mú kí ẹyin gbó kí ó sì jáde, kò ní wá déédéé mọ́. Bí ẹyin kò bá jáde, níbo ni oyún yóò ti wá?

Ẹ kíyè sí i pé ọgbọ́n wà nínú èyí. Ọmọ tó wà nílẹ̀ ni ara ìyá kọ́kọ́ ń bọ́, kí ó tó gba òmíràn. Àwa ènìyàn ni a gba wàrà náà lẹ́nu ọmọ.

Ní ọdún 1950, màlúù kan ní Amẹ́ríkà ń mú nǹkan bí 2,400 kílò wàrà wá lọ́dún. Lónìí, ó ju 10,000 lọ. Oúnjẹ àti ìtọ́jú tó dára wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ṣa akọ tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní wàrà jù lọ, wọ́n sì ń fi àtọ̀ rẹ̀ mú irú jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wàrà ni wọ́n ń kà ṣáá. Bí wàrà ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni oyún níní ń lọ sílẹ̀, títí di nǹkan bí ọdún 2000.

Ẹnì kan lè sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, nítorí aráyé gbọ́dọ̀ jẹun. Ọ̀nà wà. Ní Norway, láti ọdún 1972 ni wọ́n ti fi oyún níní kún ohun tí wọ́n fi ń ṣa màlúù pupa wọn. Wọ́n fi ìlera kún un ní 1978. Wọ́n ṣì ń rí wàrà fún dáadáa. Amẹ́ríkà náà fi oyún níní kún ìṣirò tirẹ̀ ní 2003, nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn.

Nítorí náà, màlúù kò jẹ̀bi. Àmánà ni ẹran ọ̀sìn jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín. Wàrà mímu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó burú ni kí á gba gbogbo agbára ẹ̀dá kan tán, kí á wá pe àárẹ̀ rẹ̀ ní àìwúlò. Ẹ̀yin tí ẹ ó di ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí ẹ ó di bàbá àti ìyá lọ́la, kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan kò wúlò mọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.