Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Sọ Ọ́?

Bàbá ẹni ọdún 60 wo ní Ìsọlọ̀ ló máa lanu sọ fún dókítà tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ pé nǹkan ọkùnrin òun ò ṣiṣẹ́ mọ́? Dókítà á béèrè oúnjẹ, oorun, ìgbẹ́ pàápàá. Tó bá kan ti ibùsùn, kẹ́kẹ́ á pa. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ wo? Ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa àìlera yìí, àwọn kan nínú oògùn rẹ̀ náà lè fà á. Bàbá á rọra pa oògùn tì, ó dọ̀dọ̀ alágbo ní Òṣòdì. Ìyẹn kì í tijú, òun ló ń kọ́kọ́ béèrè! Rọpárọsẹ̀ ò sì mọ ojútì o. Lójú tèmi, dókítà ló jẹ gbèsè ìbéèrè yẹn: "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé oògùn yìí ò dí yín lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìyá?"