Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Á Máa Retí Ìpàdánù?



Bọ́ọ̀lù kan wà ní ilẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Ẹgbẹ́ Richmond gba ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ ní 2017, 2019 àti 2020. Bachar Houli, Mùsùlùmí olùfọkànsìn, wà nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ní 2024, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 23, méjì péré ni wọ́n borí. Àwọn ló gbẹ́yìn.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ yàn nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Nítorí èyí, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí kò lágbára lè máa fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ túbọ̀ pàdánù, kí ó lè rí ọmọ tó dára jù mú.

Ǹjẹ́ ó tọ́? Lójú tiwa, kò tọ́. Àgbẹ̀ tí ọ̀dá pa iṣu rẹ̀ lè gba èbù lọ́wọ́ ará. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun oko nítorí èbù, ẹlẹ́tàn ni. Àti pé ọmọ tí a bá fi ìpàdánù kọ́ lónìí, ta ni yóò kọ́ ọ ní ìborí lọ́la?

Àwa náà ńkọ́, tí à ń fi ìrun falẹ̀ lónìí nítorí pé a ó tọrọ àforíjì lọ́la? Oko wa là ń sun yẹn.

Láti 1980 títí di 2017, ọdún 37 ni àwọn olólùfẹ́ Richmond fi retí ife. Ìrètí tòótọ́ ni kí á ṣiṣẹ́, kí á sì ní sùúrù. Kí Ọlọ́hun fi sùúrù jíǹkí wa. Àmín.